Ásítẹ́rọ́ìdì tó ń pàdé Júpítérì lójúkojú: àkọsílẹ̀ ọ̀ràn BZ509

Òkúta kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ásítẹ́rọ́ìdì, wà lójú òfurufú tó ń lo ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Júpítérì, èyí tó tóbi jù lọ nínú gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn ká. Bíbá Júpítérì pín ojú ọ̀nà kì í ṣe nǹkan tuntun, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú kí èyí dá yàtọ̀ ni pé ibi tí Júpítérì kọjú sí, ibẹ̀ ni òun kẹ̀yìn sí. Júpítérì ń lọ, òun ń bọ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń pàdé tí wọ́n sì ń kọjá lára ara wọn, wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún bíi mílíọ̀nù ọdún kan láìforí sọra.

2015 BZ509 ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un. Nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé orúkọ àwọn ásítẹ́rọ́ìdì ni 514107, nígbà tó sì di 2019, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní èdè Hawaii, Kaʻepaokāwela. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi èdè náà kàwé lọ́wọ́ sí ìsọmọlórúkọ náà. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, BZ509 ni mo máa pè é, torí orúkọ yẹn ló wà nínú gbogbo àríyànjiyàn tó ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Àríyànjiyàn náà gan-an ló mú mi kọ èyí. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹnu kò lórí ibi tí òkúta yìí wà, wọ́n fẹnu kò lórí bó ṣe ń rìn. Ibi tó ti wá ni ẹnu wọn kò ti kò. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ mìíràn ló ti wá. Èmi rò pé ẹ̀rí wọn kò tó, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò lè débẹ̀ láìkọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe rí i àti ohun tó ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Bí wọ́n ṣe rí i

Orí òkè Haleakalā ní erékùṣù Maui, ní Hawaii, ni tẹlisíkóòpù Pan-STARRS wà. Dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1.8, iṣẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́ sì ni kó máa ya àwòrán òfurufú káàkiri, kó máa wá ohunkóhun tó bá ń sún. Ó sábà máa ń ya ibì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Bí ẹ bá to àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ara wọn, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan á bọ́ sójú kan náà, torí pé ó jìnnà débi pé wákàtí kan kò lè yí ipò rẹ̀ padà lójú wa. Ásítẹ́rọ́ìdì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ìmọ́lẹ̀ kéékèèké mẹ́rin lẹ máa rí, tí wọ́n tò sórí ìlà kan. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣa irú àwọn ìlà bẹ́ẹ̀ jọ, àwọn ènìyàn á sì tún wọn yẹ̀ wò. Bí BZ509 ṣe kọ́kọ́ wọlé nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ bàìbàì tó ń sún díẹ̀díẹ̀, tí kò fi ohunkóhun hàn lójú tó yà á sọ́tọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọ̀nà rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Ìtẹ̀sí ọ̀nà náà jáde sí dígírì 163. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà yìí, torí òun ló ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ọ̀nà ohun kan bá tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ayé wa, ìtẹ̀sí rẹ̀ jẹ́ 0. Bó bá nàró ṣánṣán, ó jẹ́ 90. Bó bá ti kọjá 90, ohun náà ti ń yí lódì nìyẹn, nígbà tó bá sì dé 180, ó ti tún tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ó ń lọ síbi tí àwọn yòókù ti ń bọ̀. Dígírì 17 péré ló ku kí BZ509 dé 180. Kì í ṣe pé ó ń gba òkè tàbí ìsàlẹ̀ yẹra fún àwọn yòókù. Ojú ọ̀nà wọn gan-an ló wà, tó ń bọ̀ wá pàdé wọn.

Bí ènìyàn bá lè dúró lókè oòrùn níhà àríwá, kó wolẹ̀, á rí i pé pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ̀ọ̀jọ ló ń yí sí òdìkejì ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí. Kò sí ọ̀kan tó yapa. Ìdí rẹ̀ ni pé inú àwo gáàsì àti eruku kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti jáde, àwo ńlá tó ń yí po oòrùn nígbà tí oòrùn ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 4.5 sẹ́yìn. Ohun tó bá jáde láti inú àwo náà á máa bá àwo náà yí lọ. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ásítẹ́rọ́ìdì. Nígbà tó fi máa di 2017, àwọn tí a mọ̀ nínú wọn ti lé ní 700,000, síbẹ̀ 82 péré ló ń yí lódì. Yàtọ̀ sí BZ509, kò sì tíì sí ọ̀kankan nínú àwọn yẹn tí ẹnikẹ́ni rí tó ń ṣe é lójú ọ̀nà pílánẹ́ẹ̀tì, tó ń bá pílánẹ́ẹ̀tì náà pín ọ̀nà lọ títí.

Àwọn tó ń bá Júpítérì rìn dáadáa

Ó yẹ ká mẹ́nu kan àwọn tó ń bá Júpítérì lọ síbi kan náà, kí ìyàtọ̀ lè hàn. Ní 1772, onímọ̀ ìṣirò Joseph-Louis Lagrange fi ìṣirò hàn pé ibi méjì wà lójú ọ̀nà pílánẹ́ẹ̀tì tí ohun kékeré lè dúró sí láìsí wàhálà: dígírì 60 níwájú pílánẹ́ẹ̀tì náà, àti dígírì 60 lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣirò lásán ni fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, títí di February 1906, nígbà tí onímọ̀ ìràwọ̀ Max Wolf rí Achilles, ásítẹ́rọ́ìdì kan tó wà ní irú ibi bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Júpítérì, nínú àwòrán òfurufú tó yà ní Heidelberg ní Jámánì. Lónìí, irú wọn tí a mọ̀ lọ́dọ̀ Júpítérì ti lé ní 10,000, Trojan ni wọ́n sì ń pè wọ́n. NASA ti rán ọkọ̀ òfurufú kan, Lucy, sí wọn láti October 2021. August 2027 ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àkọ́kọ́ nínú wọn, Eurybates.

Ohun tó ń dáàbò bo àwọn Trojan kò ṣòro láti lóye. Wọ́n ń lọ, Júpítérì ń lọ, àlàfo àárín wọn kò sì yí padà púpọ̀. Wọn kì í pàdé rárá.

Ohun tí kò jẹ́ kí BZ509 parun

Ti BZ509 kò rí bẹ́ẹ̀. Júpítérì máa ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 11.86. BZ509 náà ń lo iye àkókò kan náà, tí ènìyàn bá wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ohun méjì tó bá ń yí ojú ọ̀nà kan náà lódì síra gbọ́dọ̀ pàdé lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni ìpàdé kan ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Ẹ wá fi mílíọ̀nù ọdún kan ṣírò rẹ̀: ìpàdé náà lé ní 160,000.

Júpítérì kì í sì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń pàdé lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá kó gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì yòókù jọ, ó wúwo ju ìlọ́po méjì wọn lọ. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 140,000 kìlómítà. BZ509, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe fi hàn, fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta. Òòfà Júpítérì ti ju àìmọye ìràwọ̀ onírù (òkúta oníyìnyín tó máa ń ta ìrù bó bá sún mọ́ oòrùn) àti òkúta jáde kúrò ní sàkáání oòrùn pátápátá, ó ti darí àwọn mìíràn wọ inú oòrùn, ó sì ti gbé àwọn kan mì fúnra rẹ̀. Ohun tó bá ń sún mọ́ ọn lóòrèkóòrè kì í sábà pẹ́ láyé.

Bí ọ̀nà BZ509 bá rí roboto bíi ti Júpítérì, wọn ì bá ti kọlu ara wọn tipẹ́, tàbí kí Júpítérì ti jù ú nù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ kò rí roboto. Ó fà gùn, oòrùn kò sì sí ní àárín rẹ̀ gan-an. Nígbà tó bá sún mọ́ oòrùn jù lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù 480 kìlómítà ló wà sí i. Nígbà tó bá jìnnà jù lọ, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan kìlómítà. Júpítérì ní tirẹ̀ kò kúrò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 778. Nítorí náà, apá kan ọ̀nà BZ509 wà nínú ti Júpítérì, apá kejì sì wà níta.

Ibi tí iṣẹ́ ìyanu náà wà gan-an nìyí. Ìpàdé wọn kì í ṣẹlẹ̀ níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti gbé ara wọn kọjá. Bí ìpàdé kan bá ṣẹlẹ̀ nígbà tí BZ509 wà nínú, níhà ọ̀dọ̀ oòrùn, èyí tó tẹ̀ lé e á ṣẹlẹ̀ nígbà tó wà níta. Nígbà tó bá ń gba inú kọjá, òòfà Júpítérì á fà á síta. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tó bá ń gba ìta kọjá, òòfà náà á fà á wọlé. Ohun tí ìpàdé kan bá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìpàdé kejì á dá a padà. Bí BZ509 bá sì fẹ́ máa ṣí kúrò nínú àkókò tó yẹ kó dé, ìfà wọ̀nyí kan náà ló ń tún ìrìn rẹ̀ ṣe, kó má bàa dé oríta nígbà tí Júpítérì náà ń dé ibẹ̀. Ibi tí wọ́n lè sún mọ́ ara wọn dé jù lọ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 176 kìlómítà, ó ju àlàfo tó wà láàárín ayé àti oòrùn lọ.

Mo fẹ́ràn èyí ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú ọ̀ràn yìí. Júpítérì tó yẹ kó pa á run ló ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò. Ọ̀nà rẹ̀ tó wọ́, tí ènìyàn á fojú àlèébù wò, òun ni ààbò rẹ̀. Ẹ mú wíwọ́ náà kúrò, ẹ̀mí rẹ̀ lọ nìyẹn.

Kí wọ́n tó rí BZ509 rárá ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ti sọ pé irú èyí lè ṣẹlẹ̀. Fathi Namouni, tó ń ṣiṣẹ́ ní Observatoire de la Côte d'Azur ní Faransé, àti Helena Morais, ní yunifásítì UNESP ní Brazil, ni aṣáájú níbẹ̀. Wọ́n fi ìwé àti ìṣirò hàn pé ohun tó ń yí lódì lè bá pílánẹ́ẹ̀tì ṣe àdéhùn àkókò tó máa pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ àwọn méjèèjì sọ́kàn, torí a ṣì máa padà bá wọn pàdé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di òótọ́

Rírí òkúta kan fún ọjọ́ mélòó kan kò tó láti sọ pé ó ti ń bá Júpítérì pín ọ̀nà láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀nà rẹ̀ ń gbà tó ọdún 12 láti yí po, ẹni tó bá sì rí bínńtín nínú rẹ̀ ń méfò lórí ìyókù. Bí ìméfò náà bá fi díẹ̀ yẹ̀, ìṣirò lè sọ pé òkúta náà ń kọjá lọ lásán ni, pé ìpàdé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà Júpítérì kàn ṣe déédéé báyìí ni.

Àwọn mẹ́ta ló yanjú èyí: Paul Wiegert ti Western University ní Kánádà, Martin Connors ti Athabasca University, ní Kánádà bákan náà, àti Christian Veillet, ọ̀gá ibi tí Large Binocular Telescope wà lórí òkè Graham ní Arizona. Tẹlisíkóòpù yẹn ní dígí méjì tó tò síra, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà 8.4, ó sì lè rí ohun tó ti di bàìbàì jù fún àwọn tó kéré. Wọ́n fi í wá BZ509 kàn, wọ́n wọn ipò rẹ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀, wọ́n sì so àwọn ìwọ̀n tuntun náà mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ nǹkan bíi 300 ọjọ́. Ìyẹn kò tó ọdún kan nínú ìyípo ọdún 12, ṣùgbọ́n ó tó. Ìméfò náà ti rọ̀ débi pé gbogbo ọ̀nà tó bá ìwọ̀n náà mu ló ń sọ ohun kan ṣoṣo.

Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní ìparí March 2017. Wọ́n ní BZ509 ń bá Júpítérì pín ọ̀nà lódì lóòótọ́, ó sì ti wà nínú ipò yẹn fún nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún kan. Lórí ibi tó ti wá, wọ́n ṣọ́ra. Wọ́n ní ìgbà náà ti pẹ́ jù láti ṣírò bó ṣe débẹ̀ ní pàtó, àmọ́ ó lè jẹ́ ọ̀kan lára ìdílé ìràwọ̀ onírù Halley, kó jẹ́ pé pílánẹ́ẹ̀tì Sátúnì ló tì í wọ ojú ọ̀nà tó wà yìí.

Ìmọ̀ràn tó mọ́gbọ́n dání ni. Ìtẹ̀sí ọ̀nà Halley fúnra rẹ̀ jẹ́ dígírì 162, òun náà ń yí lódì. Láti ìkùukùu Oort ni irú àwọn ìràwọ̀ onírù bẹ́ẹ̀ ti ń wá, ìyẹn àgbájọ òkúta oníyìnyín tó yí oòrùn ká láti ọ̀nà jíjìn réré, ní gbogbo ìhà. Níwọ̀n bí kò ti sí àwo pẹrẹsẹ kankan níbẹ̀, ẹni tó bá já bọ́ láti ibẹ̀ lè wọlé láti òkè, láti ìsàlẹ̀, síwájú tàbí lódì. Tí irú ìràwọ̀ onírù bẹ́ẹ̀ bá wá kọjá lọ́dọ̀ àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá léraléra, ọ̀nà rẹ̀ lè máa kúrú sí i. BZ509 kò sì sún mọ́ oòrùn tó bí Halley ṣe ń sún mọ́ ọn, nítorí náà, bí yìnyín bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ retí pé kó máa ta ìrù.

Ẹni tó ní àjèjì ni

Ní May 2018, Namouni àti Morais tẹ ìwé mìíràn jáde, nínú ìwé ìròyìn Royal Astronomical Society ti ìlú ọba. Èyí kò ní ìṣọ́ra ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní BZ509 kì í ṣe ọmọ oòrùn wa. Ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ mìíràn ló ti wá, ó sì ti wà níbí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ipò BZ509 láìsí àṣìṣe kékeré kankan, ìrìn irú ohun tó ń pàdé Júpítérì bẹ́ẹ̀ sì máa ń sọ àṣìṣe kékeré di ńlá bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Nítorí náà wọn kì í ṣírò ọ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á dá ẹ̀dà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á fi bínńtín yàtọ̀ sí èkejì, gbogbo wọn á sì bá ohun tí tẹlisíkóòpù rí mu. Namouni àti Morais dá mílíọ̀nù kan ẹ̀dà, wọ́n sì dá àkókò padà sẹ́yìn, títí dé bílíọ̀nù ọdún 4.5. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀dà náà bọ́ sọnù lójú ọ̀nà: òmíràn já sínú oòrùn, òmíràn fò jáde. Ìwọ̀nba díẹ̀ dé ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì débẹ̀ lójú ọ̀nà tó ṣì wà lódì tàbí tó nàró ṣánṣán. Wọ́n wá ní: nígbà yẹn, gbogbo ohun tí oòrùn bí ló ń yí sí ìhà kan nínú àwo pẹrẹsẹ. Ohun tó bá wà lódì nígbà yẹn kò lè jẹ́ ọmọ ilé.

Ìròyìn náà tàn káàkiri. Kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí wọ́n rí ʻOumuamua, ohun kékeré kan, ní October 2017, tó gba àárín wa kọjá láti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ mìíràn tó sì ń lọ láìpadà. Pan-STARRS kan náà ló rí òun. Etí gbogbo ènìyàn ti là sílẹ̀ fún àjèjì, wọ́n sì wá gbọ́ pé ọ̀kan wà tí kò kọjá lọ, tó ti di onílé.

Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ Namouni àti Morais. Bí kì í bá ṣe tiwọn, bóyá kò ní sí ẹni tó mọ ohun tó ń wò nígbà tí BZ509 yọjú. Ṣùgbọ́n lórí èyí, mo gbà pé wọ́n fi àbájáde ìṣirò ṣe ohun tí kò lè ṣe.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́rin, Alessandro Morbidelli, Konstantin Batygin, Ramon Brasser àti Sean Raymond, dá wọn lóhùn nínú ìwé ìròyìn kan náà, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Àkọ́kọ́ ni pé yíyí àkókò padà nínú kọ̀ǹpútà kò fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òkúta náà gan-an hàn. Ìrìn tó bá ti dàrú báyìí máa ń fọ́n àwọn ẹ̀dà ká, yálà ènìyàn yí àkókò síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí ẹ bá yí i síwájú, wọ́n á fọ́n; bí ẹ bá yí i sẹ́yìn, wọ́n á tún fọ́n lọ́nà kan náà. Fífọ́n tí wọ́n fọ́n sẹ́yìn kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ohun kan ṣoṣo ló lè sọ fún wa dáadáa: irú òkúta tó wà nípò yìí kì í pẹ́ níbẹ̀, ìwọ̀nba rẹ̀ ń dín kù kíákíá.

Látinú èyí ni ìkejì ti jáde, òun ló sì yí èmi lọ́kàn padà pátápátá. Bí iye wọn bá ń dín kù kíákíá bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan sì ṣì wà lónìí, mélòó ló gbọ́dọ̀ ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀? Morbidelli àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀. Kí BZ509 tó lè jẹ́ àṣẹ́kù àwọn àjèjì tí oòrùn mú láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àjèjì náà ní láti pọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá gbogbo ásítẹ́rọ́ìdì tó wà lónìí láàárín Máàsì àti Júpítérì. Kò sí ọ̀nà kankan tí a mọ̀ tí oòrùn lè gbà kó irú iye bẹ́ẹ̀ mọ́ra láti ọ̀dọ̀ àwọn ìràwọ̀ mìíràn, kó sì fi gbogbo wọn sójú ọ̀nà yìí.

Àlàyé tiwọn kò nílò irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibùdókọ̀ kan. Ìgbàkígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ máa bá èrò níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ní àárọ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá rí ọkùnrin kan tó dúró síbẹ̀ kò lè sọ pé ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ náà ló ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìràwọ̀ onírù ṣe ń wọlé láti ìkùukùu Oort láìdúró. Díẹ̀ nínú wọn á ṣèèṣì bọ́ sójú ọ̀nà Júpítérì lódì, wọ́n á lo mílíọ̀nù ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, wọ́n á sì kúrò, àwọn mìíràn á sì gba ipò wọn. Bí a bá rí ọ̀kan lónìí, ohun tó bá ìgbà mu ni. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni àtayébáyé.

Namouni àti Morais ti ro irú ìbéèrè yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kò bọ́gbọ́n mu ká rò pé àkókò tiwa yìí gan-an ni òkúta náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó sàn ká gbà pé ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ òkúta kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò. Bí ènìyàn bá wo gbogbo àwọn tó ń wọlé tó ń jáde, àkókò tiwa kò ní nǹkan àrà ọ̀tọ̀ kankan. Lọ́jọ́kọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá wò, á bá ẹnì kan níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, èmi á sọ pé ìràwọ̀ onírù àtijọ́ ni BZ509, ọmọ oòrùn wa, láti ìkùukùu Oort. Èyí kò bu iyì rẹ̀ kù rárá. Ohun tó gba ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá, tó sì bọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú Júpítérì, kò nílò kí ó ti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ mìíràn wá kí ọkàn ènìyàn tó lè fà sí i.

Ohun tó lè yanjú ìyókù

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ọkọ̀ òfurufú lọ bá a níbẹ̀, kó wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ó ṣòro gan-an. Ohun gbogbo tí a bá rán láti ayé ti gba ìyára ayé, síhà tí ayé ń lọ. Ohun tó ń yí lódì ni a ó sì máa rán an lọ pàdé. Ní March 1986, nígbà tí ọkọ̀ Giotto ti àwọn ará Yúróòpù lọ wo Halley, nǹkan bíi 68 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n fi kọjá lára ara wọn. Eruku kéékèèké tó ń kọlu ọkọ̀ náà bà á jẹ́. BZ509 jìnnà ju ibi tí Halley wà lọ́jọ́ náà lọ, kò sì tíì sí ọkọ̀ tí wọ́n ti gbà láti rán sí i.

Ohun tó ṣeé ṣe báyìí ni ká wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Chile, tẹlisíkóòpù Vera Rubin, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8.4, fi àwọn àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀ hàn ní June 2025. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ya gbogbo òfurufú gúúsù léraléra fún ọdún mẹ́wàá, yóò sì rí àwọn òkúta tó bàìbàì ju èyí tí Pan-STARRS lè rí lọ. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde ni lóòótọ́, ó yẹ kó rí àwọn mìíràn tó ń yí lódì lójú ọ̀nà Júpítérì, bóyá lójú ọ̀nà Sátúnì pẹ̀lú, kí ọjọ́ orí ipò wọn sì yàtọ̀ síra: àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn tó ti pẹ́ bíi BZ509, àti àwọn tó ti ń yọ̀ kúrò. Bí ó bá sì jẹ́ àwọn tó ti dì mú ṣinṣin láti bílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn nìkan ló rí, a jẹ́ pé Morbidelli àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti tún ìṣirò wọn ṣe, èmi náà á sì tún èrò mi rò.